Iná jó oko kajú mi: kí ni ẹ ti fi ojú ara yín rí nínú igbó tó kọ́ yín ní ìforítì?

Àgbẹ̀ Tuntun, Gbẹ̀dẹ̀ (oṣù Kejì)

Okun o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè dá gbé. Ó di ọdún kẹta tí mo ti kúrò ní Àbújá padà wá sílé, tí mo sì fi owó tí mo tù jọ gbin igi kajú 120 sórí ilẹ̀ bàbá mi ní Gbẹ̀dẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan, ẹnì kan tó ń wá òkété dáná sun igbó tó wà lókè oko mi, afẹ́fẹ́ sì gbé iná náà wọlé. Màjàlà tó ń bọ́ sí àgbàlá wa ló kọ́kọ́ ròyìn fún mi. Nígbà tí mo fi débẹ̀, àwọn igi tó ti ga tó mi léjìká ti dúdú láti ìdí dé orí, ewé tó kù lára wọn sì ń rún bí ìwé gbígbẹ.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ti ń sọ fún mi pé kí n ní ìforítì. Wọ́n sọ ọ́ ní ilé ìjọsìn, wọ́n sọ ọ́ ní ọjà, àní ẹni tó jẹ mí lówó pàápàá sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ń dà bí iyán tí kò ní ọbẹ̀. Bàbá àgbà mi a máa sọ pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí yóò ṣe mọ́, kí ó lọ jókòó sí etí igbó kí ó máa wòye. Mo ti jókòó, n kò sì rí nǹkan kan ju eérú lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè lọ́wọ́ yín: kí ni ẹ̀yin ti rí, lára igi, lára ẹranko tàbí ní etí odò, tó kọ́ yín bí a ṣe ń fara da ohun tó ṣòro? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí ni mo fẹ́. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá kí n fa àwọn igi náà tu kí n gbin ẹ̀gẹ́ sí ibẹ̀, àbí kí n dúró.

Ọmọ Yàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ní ibi iṣẹ́ níhìn-ín ni ti ọparun ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n ní bí a bá gbìn ín, ọdún márùn-ún gbáko ni a ó fi máa bomi rin ín láìrí nǹkan kan lórí ilẹ̀, àti pé ní ọdún karùn-ún ni yóò yọ lójijì, tí yóò sì ga ju ilé lọ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bóyá ọdún karùn-ún tìrẹ ló ń bọ̀.

Ìránṣẹ́ Ìhìnrere, Ìyàrà

Idì ni kí o wò, ọmọ mi. Nígbà tí idì bá pé ọmọ ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ yóò ti tẹ̀, èékánná rẹ̀ yóò sì ti gùn ju bó ti yẹ lọ, tí kò fi ní lè mú ẹran mọ́. Yóò wá fò lọ sí orí òkè gíga, yóò fọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́ àpáta, yóò fi ẹnu tuntun fa èékánná àtijọ́ tu, yóò sì fa gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, yóò di tuntun, yóò sì tún lo ọgbọ̀n ọdún sí i. Iná yìí ni orí òkè tìrẹ.

Agé-ọparun, Mọ́pà

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má bínú sí mi. Ọparun wà ní etí odò tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, èmi ni mo sì ń gé e tà fún àwọn kọ́lékọ́lé láti bí ọdún mẹ́wàá. N kò tíì rí èyí tó fara pamọ́ fún ọdún márùn-ún rí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí a bá ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ti ń yọ, ṣùgbọ́n èyí tó yọ náà kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Ní ọdún kejì, òmíràn yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí yóò nípọn jù ú lọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò yóò sì máa tàn lábẹ́ ilẹ̀, títí tí a ó fi dé ọdún tí èyí tó bá yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò yóò ga dé ibi tí yóò ga dé láàrin oṣù mélòó kan péré.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ọ̀pá ọparun kan kì í nípọn ju bí ó ti yọ lọ. Bí ó ṣe jáde láti inú ilẹ̀ ni yóò wà títí a ó fi gé e. Ìdí rẹ̀ ló ń sanra lọ́dọọdún, àwọn ọ̀pá tínínrín ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí ni ewé wọn sì ń bọ́ ìdí náà. Ẹni tó bá rò pé wọn kò wúlò tó sì gé wọn sọnù ti gé oúnjẹ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo gé wọn rí nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, bàbá mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Tíṣà Ọ̀gbìn, Kàbà

Mo fi ọdún 31 kọ́ni ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà kí ẹ fi àyè gba àgbàlagbà kí ó sọ̀rọ̀ gùn díẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run tó sọ̀rọ̀ lókè, mo sì ti gbọ́ ìtàn idì yìí nínú ìwàásù tó ju mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n idì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tó bá fọ́ ẹnu ara rẹ̀ mọ́ àpáta kò ní lè fa ẹran ya mọ́, ebi yóò sì pa á kú kí ẹnu tuntun tó hù. Ẹnu idì àti èékánná rẹ̀ ń hù lójoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí èékánná tiwa, lílò tó ń lò wọ́n ló sì ń mú kí wọ́n má gùn jù. Ní ti ìyẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń pààrọ̀ rẹ̀, kí ó má baà di ẹni tí kò lè fò. Kò sì wọ́pọ̀ kí idì inú igbó lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ká má tíì sọ ti àádọ́rin. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ìtàn náà ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa pé àfi kí ènìyàn kọ́kọ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe kí ó tó lè di ọ̀tun, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹyẹ náà gan-an ń di ọ̀tun láìfi ọjọ́ kan ṣíwọ́ fífò.

Ó kan ọ̀rọ̀ kajú rẹ. Má fa igi kankan tu. Kajú kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Bràsílì ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí Áfíríkà ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì jẹ́ igi tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ jìnnà láti wá omi. Igi tó ti lo ọdún méjì nínú ilẹ̀ ti ní ohun tí iná orí koríko kò lè dé. Mú ọ̀bẹ kékeré, kí o fi ojú rẹ̀ ha èèpo igi náà díẹ̀ níbi tó súnmọ́ ilẹ̀. Bí abẹ́ èèpo bá ní àwọ̀ ewé tó sì tutù, ó wà láàyè. Bí ó bá gbẹ tó sì pọ́n bí ilẹ̀, ha á nísàlẹ̀ sí i kí o tó sọ̀rètí nù. Lẹ́yìn ìyẹn, má gé nǹkan kan títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa, nítorí pé ojú kò lè mọ̀ nísinsìnyí ibi tí ikú dé dúró lára igi náà. Nígbà tí ọ̀mùnú bá yọ, gé apá tó ti kú kúrò, fi ọ̀mùnú kan tàbí méjì tó lágbára jù sílẹ̀, kí o sì ká ìyókù kúrò kí wọ́n má baà jọ jà du oúnjẹ.

Mo ní ìbéèrè kan: ṣé kóró ni o gbìn, àbí igi tí wọ́n ti lẹ ẹ̀ka igi mìíràn mọ́ ni o rà? Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀, ohun tó bá yọ lábẹ́ ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ kò ní jẹ́ irú èyí tí o sanwó fún.

Ìwọ béèrè ohun tí a fi ojú rí. Iṣu ni tèmi. Ọdún kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé kí ló dé tí a kì í fi gbin iṣu lẹ́ẹ̀kan sí i ní kété tí a bá wà á tán, níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Mo ní kí a dán an wò. A gbé iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, a gé e ní èbù, a rì í mọ́ ebè, a sì ń bomi rin ín lójoojúmọ́. Kò yọ. Òmíràn jẹrà, òmíràn kàn wà níbẹ̀ bí òkúta. Nígbà tí oṣù mélòó kan kọjá, tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an, àwọn iṣu tí a so mọ́ inú àká, tí wọn kò fara kan ilẹ̀, tí wọn kò rí ẹ̀kán omi kan, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéhù fúnra wọn. Iṣu ní oorun tó ń sùn lẹ́yìn ìkórè, nǹkan bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta, tó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ fún irú iṣu mìíràn. Kò sí omi tàbí àdúrà tó ń jí i ṣáájú àsìkò, kò sì sí ọ̀dá tó ń dá a dúró nígbà tí àsìkò bá tó. Ọjọ́ náà ni mo yé pe akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tètè mọ̀wé ní ọ̀lẹ.

Ìyá Aláṣọ, Ògìdì

Ọmọ mi, okun. Tíṣà ti sọ ti oko, èmi yóò sọ ti aṣọ, nítorí pé òfì ni ìyá mi fi tọ́ mi, òun náà ni mo sì fi tọ́ àwọn ọmọ mi.

Igi ọ̀pẹ kan wà níwájú ilé wa tí àwọn ẹ̀gà kó ara wọn jọ sí. Bí mo bá ti jókòó ti òfì, iwájú wọn ni mo wà láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ ẹ̀gà sí ẹyẹ aláriwo tó ń fa imọ̀ ọ̀pẹ ya títí ọ̀pẹ yóò fi dúró ní ìhòòhò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń hunṣọ ni yóò mọ ohun tí ẹyẹ yẹn ń ṣe. Akọ ló ń hun ilé. Yóò fa imọ̀ tútù ya tínínrín bí òwú, yóò kọ́kọ́ fi ṣe òrùka kan tó so mọ́ ẹ̀ka, yóò dúró sínú òrùka náà, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa ki ẹnu bọ̀ ọ́, tí yóò máa fà á yọ, tí yóò máa takókó, títí ilé náà yóò fi yípo. Bí ó bá ṣe tán, yóò dorí kodò sábẹ́ rẹ̀, yóò máa gbọn ìyẹ́, yóò máa pe abo. Abo yóò dé, yóò wọ inú rẹ̀, yóò fi ẹnu fa ìhín, yóò fa ọ̀hún, bí ìyàwó tó ń wo aṣọ lọ́jà. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fò lọ láìdúpẹ́.

Kí ni akọ yóò wá ṣe? Èyí ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Nígbà tí imọ̀ náà bá ti gbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n, kò sí abo tí yóò tún wò ó. Akọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò tú ilé tó fi ẹnu ara rẹ̀ hun, yóò tú u títí yóò fi já bọ́ sílẹ̀, yóò sì tún fi imọ̀ tútù bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní ẹ̀ka kan náà. Mo ti rí èyí tó tú u lẹ́ẹ̀mẹta láàrin oṣù kan. Àwọn ọmọ ẹ̀gà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ híhun náà wà níbẹ̀. Ilé tiwọn máa ń rí jágbajàgba, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń hun tí wọ́n ń tú náà ni ọwọ́ wọn ń mọ́, bí a bá lè pe ẹnu ní ọwọ́.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo hun kíjìpá kan tí ojú òwú rẹ̀ já sí méjì láàrin. Mo fẹ́ máa hun ún lọ, mo ní mo ń forí tì í. Ìyá mi gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ mi, ó tú ohun tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta hun, ó ní ohun tí mo ń ṣe kì í ṣe ìforítì, pé orí kunkun ni. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Aṣọ tí mo wá hun lẹ́yìn rẹ̀ wà nínú àpótí mi títí di òní, n kò sì ní tà á.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí Tíṣà bá ní kí o gé èyí tó ti jóná, má ṣe kà á sí pé o ń pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ run.

Ọdẹ Búnú

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ni ọdẹ, mo sì rí i pé ọdẹ ni a ń dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe gbogbo wa ló ń sun igbó. Ẹni tó dáná nínú oṣù Kìíní, nígbà tí koríko ti gbẹ dé gbòǹgbò tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, kì í ṣe ọdẹ, apanirun ni. Àwọn bàbá wa máa ń tètè sun etí oko nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró, ní oṣù Kọkànlá, tí ìdí koríko ṣì tutù. Iná ìgbà yẹn kì í ga ju orúnkún lọ, àṣálẹ́ nìkan náà sì ni wọ́n ń dá a, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀. Bí iná ńlá bá wá dé lẹ́yìn, kò ní rí ohun tí yóò jẹ. Àbúrò, bí o bá tún oko yẹn ṣe láìro àyíká rẹ̀ ní fífẹ̀ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, iná ọdún tó ń bọ̀ yóò tún kí ọ.

Ní ti ohun tí mo fi ojú rí, igi èmí ni, èyí tí a ń fi kóró rẹ̀ ṣe òrí. Gbogbo igbó ọ̀dàn wa láti Búnú dé etí Ọya ni iná ń gbà kọjá lọ́dọọdún, èmí sì dúró níbẹ̀. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì pín sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀yìn ọ̀nì, iná yóò jó ojú rẹ̀, kò ní dé inú. Ìyẹn ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, ìgbà kan tí mo ń gbẹ́ ilẹ̀ lé òkété ni mo rí i. Kóró èmí tó ti hù wà níbẹ̀, mo sì rí i pé kì í kọ́kọ́ gòkè bí àgbàdo. Ó kọ́kọ́ ran ọ̀pá kan sísàlẹ̀, ó wọlẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, inú ilẹ̀ níbẹ̀ ni ọ̀mùnú ti ṣẹ̀ wá yíjú sókè. Bí iná bá jó ohun tó wà lórí ilẹ̀, ibi tí igi náà ti ń yọ kò sí lórí ilẹ̀. Igi yìí kò tíì rí iná rí láyé rẹ̀, ó sì ti múra sílẹ̀ dè é. Lẹ́yìn náà, yóò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó so èso àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí a kì í fi gé èmí nígbà tí a bá ń ṣán oko. Ẹni tó gé e kò ní lè dá a padà fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀gán náà. Fi ọkọ́ ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ikán kò ní dúró sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọn yóò ti fi ilẹ̀ tútù dí i. Àwọn ènìyàn a máa fi èyí kọ́ ọmọ, ó sì dára, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ni. Koríko àti igi gbígbẹ tí ikán ń kó wọlé, kì í ṣe pé wọ́n ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Olú ni wọ́n fi ń gbìn nínú ọ̀gán, olú náà ló ń sọ ọ́ di ohun tó ṣeé jẹ fún wọn. Òun náà ló ń hù jáde lára ọ̀gán nígbà àkọ́rọ̀ òjò tí àwọn ìyá wa ń ká a lọ sọbẹ̀. Ikán gan-an kò dá a ṣe.

Olùsìn Ìgbín, Ìsánlú

Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi, a sì fi ń gba ara wa níyànjú. Èmi tí mo ń sìn ín lè sọ fún yín pé nígbà ọyẹ́, ìgbín kì í gun igi rárá. Yóò fà wọ inú ìkarahun rẹ̀, yóò fi nǹkan funfun kan tó le bí ẹfun dí ẹnu ọ̀nà, yóò sì wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìjẹ láìmu. Ọdún àkọ́kọ́ mi, mo rò pé wọ́n ti kú, mo kó nǹkan bí ogójì dànù sí ẹ̀yìn ọgbà. Nígbà tí òjò rọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣà wọ́n káàkiri, ọbẹ̀ sì ń ta sánsán ní ilé gbogbo ènìyàn àfi tèmi.

Ará Lọ́kọ́jà

Àbúrò mi, mo bá ọ kẹ́dùn, nítorí pé ohun tí iná ṣe fún ọ ni omi ṣe fún mi. Ní ọdún 2012, nígbà tí Odò Ọya àti Bẹ́núè kún, ilé wa wà nínú omi dé ìdajì fèrèsé, ojú ọ̀nà tó lọ sí Àbújá sì wọlé sábẹ́ omi. A padà, a tún ilé kùn, gbogbo ènìyàn yìn wá pé a ní ìforítì. Ní ọdún 2022, omi tún dé, ó sì tún bá wa níbẹ̀.

Mo ti jókòó sí etí odò yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo rí ni pé eèsún etí omi máa ń sùn sílẹ̀ nígbà tí ìkún bá dé, yóò sì dìde nígbà tí omi bá fà, ṣùgbọ́n ẹyẹ tó ń tẹ́ ìtẹ́ sínú eèsún náà kì í dúró dè é. Yóò ti kó ọmọ jáde kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, tàbí kí ó lọ sí ibòmíràn. Eèsún ní gbòǹgbò, ẹyẹ ní ìyẹ́, oníkálùkù ń fi ohun tó ní fara dà á. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé mo ń ṣe bí eèsún, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní gbòǹgbò kankan níbẹ̀, yàrá méjì tí mo fi owó oṣù yá ni. A ti kó lọ sí apá òkè báyìí. A ṣì ń gbin ẹ̀fọ́ sí etí omi nígbà tí odò bá fà, nítorí pé ẹrẹ̀ tó ń fi sílẹ̀ dára ju ajílẹ̀ tí mo lè rà lọ.

N kò sọ pé kí o kúrò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ o. Ìwọ ni o mọ̀ bóyá gbòǹgbò ni o ní níbẹ̀.

Àgbẹ̀ Tuntun, Gbẹ̀dẹ̀ (oṣù Kẹta)

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Tíṣà, kóró ni mo gbìn, n kò ra èyí tí wọ́n lẹ̀, nítorí pé owó mi kò tó o nígbà náà. Mo mú ọ̀bẹ lọ sí oko gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Mo ha ogún igi. Mẹ́sàn-án tutù lábẹ́ èèpo, mẹ́fà gbẹ kanrin, márùn-ún ìyókù kò yé mi. Mo fẹ́ gé gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, mo ti gbé àdá dání, ọ̀rọ̀ iṣu yẹn ló dá mi dúró.

Ohun kan tún ya mí lẹ́nu. Òjò kan ṣoṣo rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀bọ́lọ̀ sì ti bo apá kan nínú eérú náà. Ìyá mi ti ká a fún ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N kò gbin ẹ̀bọ́lọ̀ kankan sí ibẹ̀ rí.

Tíṣà Ọ̀gbìn, Kàbà

Afẹ́fẹ́ ló gbìn ín. Kóró ẹ̀bọ́lọ̀ ní irun bí òwú, ó ń fò kiri, ibi tí iná ti jó tí ilẹ̀ sì ṣófo ló fẹ́ràn jù. Jẹ́ kí ìyá rẹ máa ká a. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, gbin ẹ̀pà àti egúsí sí àárín àwọn igi náà. Ilẹ̀ kò ní ṣófo, ìwọ náà yóò sì rí nǹkan tà nígbà tí kajú bá ń ronú.

Ìránṣẹ́ Ìhìnrere, Ìyàrà

Tíṣà, mo gba àtúnṣe yín. Mo bi ẹnì kan tó ń kọ́ni nípa ẹranko, ohun kan náà ló sọ fún mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹ̀gà Ìyá Aláṣọ ni mo fi wàásù, àwọn obìnrin ìjọ sì rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo dé ibi tí abo ti fò lọ láìdúpẹ́. Ọmọ mi, mo ṣì ń gbàdúrà fún ọ.

Ọmọ Yàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù

Èmi náà ti yé sọ ti ọparun. Mo fi ọ̀rọ̀ Agé-ọparun ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa, kò tíì dá mi lóhùn.

Àgbẹ̀ Tuntun, Gbẹ̀dẹ̀ (oṣù Kẹfà)

Okun o. Mo ṣèlérí nínú ọkàn mi pé n ó padà wá jíṣẹ́. Nínú igi 120, mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ti yọ ọ̀mùnú láti ìdí, púpọ̀ nínú wọn sì ti dé orúnkún mi. Mo ti gé ohun tó jóná kúrò lára wọn. Mẹ́tàlélógójì ti kú pátápátá. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Kóró tuntun ni mo fi rọ́pò àwọn tó kú, àyàfi méjìlá tó wà ní ìsàlẹ̀ oko, níbi tí mo ti rí i pé omi máa ń dúró sí. Kajú kò fẹ́ràn ibẹ̀ kí iná tó dé pàápàá, èmi ni mo ń fi tipátipá mú un. Mo ti gbin ìrẹsì sí ibẹ̀.

Mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún tí kò yé mi ló yọ. Ẹ̀pà ti ń ṣe òdòdó láàrin wọn.

Ọdẹ Búnú, mo ti ro ẹ̀gbẹ́ òkè oko náà ní ogún ẹsẹ̀ bàtà, ṣùgbọ́n n kò tíì dáná sun etí oko rí, ẹ̀rù iná sì ń bà mí báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ẹ lè wá fi hàn mí ní oṣù Kọkànlá?

Ọdẹ Búnú

Ó dára kí ẹ̀rù bà ọ́. Èmi àti ọmọ mi yóò wá. N kò lè dá ọjọ́ nísinsìnyí. Ìdí koríko ni yóò sọ ọ́. Bí o bá fa koríko tu tí ọwọ́ rẹ ṣì tutù, pè mí lọ́jọ́ náà. Wá ènìyàn mẹ́rin, kí ẹ gé ẹ̀ka tútù fún pípa iná, kí omi sì wà nínú kẹ́ẹ̀gì ní igun oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ òkété fún mi lọ́jọ́ náà.